Àjẹkù

Yàrá kan ṣoṣo ni, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta bọ́tìnnì,
lójú ọ̀nà Apàkè, l'Ógbòmọ̀ṣọ́, kí o tó dé ìdí káṣù mẹ́ta.
Bẹ̀rẹ̀ kí o tó wọlé. Àtẹ́rígbà rẹ̀ kò mọ àlejò.
Oyèkànmí fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ sára ilẹ̀kùn: ÀJẸKÙ.
Obìnrin kan gbé abọ́ wá lọ́jọ́ kan,
ó ní ṣé ẹ̀wà ṣì kù.

A ní ohùn la ń tà, màmá.
Ohùn ta ni?
Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń sú mi nìyẹn.
Oyèkànmí ní: ohùn tí orin jẹ kù,
tí kì í ṣe orin, tí kì í ṣe ariwo,
tó há sáàárín méjèèjì bí ẹran inú eyín.
Obìnrin náà wo abọ́ rẹ̀, ó wo wá, ó lọ.

Bàbá rẹ̀ ló ń tún dùùrù ṣe fún àwọn ìjọ Onítẹ̀bọmi.
Èyí tó bá dún geere, bàbá á kọjá lórí rẹ̀;
èyí tó bá dún gbọ̀ọ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á tún un tẹ̀,
títí ilẹ̀ á fi ṣú mọ́ wọn nínú ṣọ́ọ̀ṣì.
Ọmọ jókòó sábẹ́ dùùrù, ẹ̀kọ́ òdìkejì ló kọ́:
èyí tó bàjẹ́ ló wọ̀ ọ́ lára.

Kásẹ́ẹ̀tì wa àkọ́kọ́: òrùlé ilé ìyá àgbà rẹ̀ nígbà ọyẹ́,
bí oòrùn ṣe ń wọ̀ tí páànù ń sún kì,
pá,
ó pẹ́,
pá.
Ogójì ìṣẹ́jú. Mẹ́rin la tà.
Ẹnì kan dá tirẹ̀ padà, ó ní kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.
Oyèkànmí gbọ́ ọ látìbẹ̀rẹ̀ dópin,
ó ní, òótọ́ ni, ẹ̀yìn lo fi sí.

Iṣẹ́ tèmi ni sísáàsì. Páálí ṣúgà ni mò ń gé
fi ṣe èèpo kásẹ́ẹ̀tì, mo ń fi bírò kọ nọ́ńbà sí i.
Owó àjọ mi ló ra ẹ̀rọ tí a fi ń da ohùn kọ.
Ìyá mi ò tíì mọ̀.
Wọ́n ní àjẹkù là á mayó;
kò sẹ́ni tó yó nínú àwa méjèèjì.

Ìkejì: ẹ̀rọ ìlọ̀ àgbàdo Bàbá Òjélabí ní Tákìé,
ọjọ́ tó lọ̀ kẹ́yìn, kí wọ́n tó tà á fún àwọn oníirin.
A fi ìbọ̀sẹ̀ bo máíkì nítorí ìyẹ̀fun.
Kò sẹ́ni tó rà á.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, bàbá fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ wọlé,
wọ́n jókòó lórí kéréètì tí a dojú rẹ̀ délẹ̀.
A tàn án fún wọn. Wọn ò sọ nǹkan kan.
Ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn ń wá ohun tí yóò tẹ̀ nílẹ̀.
Ó di ìṣẹ́jú kẹsàn-án, wọ́n nawọ́ sókè:

"Bẹ́líìtì ń yọ̀ níbẹ̀ yẹn. Ẹ ò gbọ́?"

A ti gbọ́ ọ tó ìgbà ọgbọ̀n, àwa tá a pe ara wa ní elétí.
A dá a padà sẹ́yìn. A ò gbọ́.
A tún dá a padà.
Ó wà níbẹ̀: fẹ́ẹ́, bí ẹni tó fẹ́ sín tí kò sín mọ́.
Oyèkànmí fi ọwọ́ bo ẹnu.

Bàbá béèrè iye tí à ń tà á. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta.
"Irinwó ni n ó san. Iṣẹ́ mi ló wà nínú rẹ̀."
Ẹ ní ẹ̀rọ tí ẹ máa fi gbọ́ ọ nílé, bàbá?
Wọn ò ní. Wọ́n fi kásẹ́ẹ̀tì sápò àyà,
wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì bíi kí ó má sá lọ,
wọ́n gbàgbé àtẹ́rígbà, ó gbá wọn lórí.

Nínú ìwé òwò wa, ojú ewé kejì:
Òjélabí, kan, irinwó.
Àádọ́ta la fi ra gúgúrú. A jẹ ẹ́ tán.